Ẹnu Rẹ Kọ́ Ni Wọ́n Máa Rà

Ọmọ mi, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí o ti Àkúrẹ́ wá kí mi ní Oǹdó, o gbé kọ̀ǹpútà rẹ lé mi lórí itan, o ní, "Bàbá, ẹ gbá a wò." Mo wọ awò ojú mi. Mo rí ọmọkùnrin kékeré kan tó dúró sí etí igbó, tó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. Mo tẹ ibì kan, kò lọ. Mo tẹ ibòmíràn, ó fò sínú odò, ó kú. Kí n tó mọ ohun tó pa á, o ti na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi: "Rárá o, Bàbá, èyí lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ wá dì í mú, kí ẹ tó fi ìkejì fò." O ń ṣàlàyé títí iná fi lọ. Kò pẹ́ tí bátìrì kọ̀ǹpútà náà fi kú, ìwọ sì ń bínú sí iná. Èmi kò bínú sí iná. Ohun tí mo ń rò ni pé, bí ọmọ yìí bá ta eré rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, ṣé yóò máa wọ ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti lọ dúró lẹ́yìn wọn ni?

N kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà nítorí ìyá rẹ wà níbẹ̀, òun náà sì ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú. Mo wá kọ ọ́ síbí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń lá irú àlá yìí ní FUTA, yunifásítì yín ní Àkúrẹ́, àti níbòmíràn lè bá ọ gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí o tó lọ wọ ọkọ̀, o bá mi dé abẹ́ igi tí a ti ń ta ayò. O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ wà nínú fóònù. Ká ní o gbé ojú sókè ni, ò bá rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tí o ń wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà níwájú rẹ. Ọpọ́n náà ní ilé 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. O kó ọmọ inú ilé kan, o ń jù wọ́n sọ́wọ́ ọ̀tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnì kejì rẹ, tó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún méje á gbọ́ ọ kí omi tó hó lórí iná. Èmi tí mo ti ń ta á láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, òpè ṣì ni mí lọ́dọ̀ àwọn kan lábẹ́ igi yẹn.

Òfin kan wà nínú ayò tí mo fẹ́ kí o mú lọ sí Àkúrẹ́. Bí ilé ẹnì kejì bá ṣófo pátápátá, o kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera kí o máa wò ó. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ rẹ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á débẹ̀, kí òun náà rí nǹkan ta. Ẹni tó gbé òfin yìí kalẹ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹnì kan bá ti ṣófo, kò sí eré mọ́, ìyà ló kù. Wá wo tìrẹ: o pa mí nínú odò, o dá mi padà sí etí igbó tí mo ti bẹ̀rẹ̀, o kò sì fi ọmọ ayò kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi. Kò sí àmì tó ní odò náà jìn. N kò mọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Ìwọ mọ̀ ọ́n, nítorí ìwọ lo gbẹ́ odò náà.

Tún wo ìyókù ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó yí ọpọ́n ká kì í ta, síbẹ̀ wọ́n wà nínú eré ju àwọn méjì tó jókòó lọ. Wọ́n ń yẹ̀yẹ́ ẹni tí wọ́n ń jẹ, ọ̀ta ń fọ́nnu, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde kí ẹlòmíràn jókòó. Àlejò tó bá dé kò ní rí ẹni ṣàlàyé fún un. Yóò dúró wo ọwọ́ méjì, mẹ́ta, yóò sì ní kí wọ́n sún fún òun. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá ẹnì kan lè dúró lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ ní họ́sítẹ́lì, kí ó wo eré rẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èyí ni iṣẹ́ tí mo fún ọ, bí ìgbà tí mo ṣì wà níwájú pátákó dúdú. Pa kọ̀ǹpútà dé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mú páálí, bírò àti ọmọ ayò. Ṣe eré kan tí òfin rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Gbé e lọ bá ọmọ tí ń ta gúgúrú ní South Gate, gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, kí o kọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kékeré kan, kí o gbé e fún wọn, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Má ṣe bi wọ́n bóyá ó dùn. Ọmọ Yorùbá kò ní wò ọ́ lójú kí ó ní iṣẹ́ rẹ kò dùn. Yóò ní, "Ó dáa o, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́," yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ wọn ni kí o wò, kì í ṣe ẹnu wọn. Níbo ni ọwọ́ náà ti dúró? Níbo ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín? Ta ló ní kí ẹ tún un gbá lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí pé o bẹ̀ ẹ́? Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Páálí kò nílò iná, kò nílò dátà.

Má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé páálí ni. Wo Whot. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Henry Storey ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Lónìí, lọ sí ilé èyíkéyìí ní Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà tí iná bá lọ, wàá gbọ́ "pick two", wàá gbọ́ "general market", wàá gbọ́ ẹ̀sùn pé ẹnì kan fi káàdì 20 pamọ́ sábẹ́ itan. Bébà lásán ni, a sì ti sọ ọ́ di tiwa débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ní Èkó ni wọ́n ti ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ ẹjọ́ rẹ: ọwọ́ ẹni tó ti lò ó ni o ti rà á, ó ń gbóná bí ìkòkò àgbo. Ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ fún mi pé irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń ṣe eré, tí ń jẹ́ Godot, pé àwọn ọmọ Argentina méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2014, pé kò sì wúwo. Mo wá bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi ń lo èyí tó wúwo, tó ń pa kọ̀ǹpútà rẹ. O ní nítorí pé òun làwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò. Ẹni tó fẹ́ sun iṣu kan ṣoṣo kò ní láti kọ́kọ́ lọ mọ ààrò búrẹ́dì. Eré méje lo fi hàn mí nínú kọ̀ǹpútà yẹn, kò sí èyí tó parí. Ọ̀kan nínú wọn ní ojú ọ̀run tó lẹ́wà gan-an, àmọ́ kò ní ilẹ̀. Parí ọ̀kan. Kí ó kéré, kí ó burẹ́wà, kí ó ṣáà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

O tún ní ìṣirò ń yọ ọ́ lẹ́nu ní yunifásítì, pé kò kan iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọkùnrin inú eré rẹ fò tó sì ń bọ̀ wálẹ̀ sínú odò, ìlà tó fà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, quadratic ni. Ó lé ní 30 ọdún tí mo fi ń ya á fún àwọn ọmọ ní Oǹdó níbí, tí wọ́n ń bi mí pé, "Ṣà, kí la fẹ́ fi ṣe?" N kò ní ìdáhùn tó dáa fún wọn nígbà náà. Ìdáhùn ti dé báyìí, ó sì kú sínú odò.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wá kàn. Ó ní eré kì í ṣe iṣẹ́. Má bá a jà. Òun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ yìí kan náà ni kì í sùn títí òṣèré yóò fi parí eré lórí tẹlifísọ̀n. Ó mọ̀ pé àwọn kan ń fi eré jẹun. Kò kàn gbà pé ọmọ tòun ló yẹ kó gbìyànjú ẹ̀ ni. Ìwọ wá sáré mú Sunny Adé jáde. Gbogbo ọmọ Oǹdó tó bá fẹ́ sá fún ìwé, Sunny Adé ni wọ́n ń jù lù wá. Òótọ́ ni pé ọmọ ilé ọlá Oǹdó ni, òótọ́ ni pé ó sọ fún àwọn ará ilé pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ, tó sì jẹ́ pé orin ló bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń fo apá kejì ìtàn náà. Ó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, nínú ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, kí ó tó dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Ó ní ọ̀gá. Ta ni ọ̀gá tìrẹ? Fídíò orí YouTube kì í bá ọmọ iṣẹ́ wí.

Bàbá mi gbin kòkó. Igi kòkó gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Kí ìdílé má bàa pebi láàárín ìgbà náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbìn sáàárín rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fi ewé ṣíji bo kòkó kékeré, ó sì ń so fún wa jẹ. Kò sẹ́ni tó pe bàbá mi ní àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eré rẹ ni kòkó. Máa fi ìmọ̀ kóòdù rẹ ṣe iṣẹ́ fún àwọn èèyàn, ṣe ìkànnì fún ilé ìwòsàn, ṣe ètò ọjà fún àwọn oníṣòwò ní Ọjà Ọba. Ìyẹn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà, Eric Barone, òun nìkan ló ṣe Stardew Valley: kóòdù rẹ̀, àwòrán rẹ̀, orin rẹ̀. Ó gbà á ní ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kó tó jáde ní 2016. Láàárín ìgbà náà, ó ń fi àlejò jókòó nínú gbọ̀ngàn tíátà ní alẹ́. Ẹ̀dà tó ti tà báyìí ju mílíọ̀nù 40 lọ. Mo mọ̀ pé apá mílíọ̀nù yẹn ló máa kù sí ọ létí. Èmi, iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni mo ń tọ́ka sí.

Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, àwọn kan ti la ọ̀nà. Abíọ́lá Ọláníran tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní OAU Ilé-Ifẹ̀ dá Gamsole sílẹ̀ ní 2012. Ó ṣe eré fún fóònù Windows, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà sì ni àwọn èèyàn káàkiri ayé gbà wọ́n sórí fóònù wọn. Nígbà tó yá, Microsoft fúnra rẹ̀ pa fóònù náà tì. Ẹni tó bá dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí onílẹ̀ bá jí, ó lè ní òun kò ṣe mọ́. Ọdún 2012 yẹn náà ni Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lábẹ́ Hugo Obi. Eré ọlọ́kadà àti eré pípa ẹ̀fọn wà lára ohun tí wọ́n ṣe, àwọn nǹkan tí ẹni tó bá gbé ní Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ kan á mọ̀ láìsí àlàyé. Nígbà tí Disney gbé eré àwòrán Iwájú jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, Maliyo ló ṣe Rising Chef, eré ìdáná tó bá a rìn. Wọ́n tún ní ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, GameUp Africa. Wá àyè síbẹ̀. Bí àsìkò SIWES rẹ, ìkọ́ṣẹ́ tí yunifásítì ń rán yín lọ, bá dé, má lọ jókòó oṣù mẹ́fà sí ọ́fíìsì tí wọn yóò ti máa rán ọ ní fọ́tòkópì.

N ò bá dúró níbí, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin inú eré rẹ kò kúrò lọ́kàn mi. Irun rẹ̀ pupa. Igbó tó dúró sí, igi ibẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n ń yà sórí káàdì Kérésìmesì. Mo bi ọ́ pé igbó ibo nìyí, o ní, "Bàbá, igbó ṣáà ni." Òkè-Igbó kò jìnnà sí wa níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903, tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tó jáde ní 1938. Tún un kà, kí o sì fi ojú ẹni tó ń ṣe eré kà á. Àwọn ọdẹ tó ń lọ sí Òkè Lángbòdó, Kàkó ní kùmọ̀, Imọ́dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ ní orin. Ìdènà tí kùmọ̀ kò lè ṣí, orin á ṣí i. Ohun tí ẹ̀yin ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè ní "party" nínú géèmù nìyẹn. Bàbá yìí ti tò ó kalẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ní kọ̀ǹpútà nílé. Àmọ́ ìkìlọ̀ kan wà: òfin Nàìjíríà fi 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, Fágúnwà sì kú ní 1963. Kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, má jí Kàkó gbé sínú eré rẹ láìgba àṣẹ.

Shigeru Miyamoto, ará Japan tó ṣe Zelda ní 1986, sọ pé láti inú rírìn kiri òun ní ọmọdé, lórí òkè àti nínú ihò àpáta ní ìlú òun, ni eré náà ti wá. Òkè Ìdànrè kò tó 30 kìlómítà sí yàrá tí o ń sùn ní Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀. Lókè pátápátá, ìlú àtijọ́ ṣì dúró: ààfin ọba, kóòtù, ilé-ìwé, tí àwọn èèyàn ti sọ̀kalẹ̀ kúrò níbẹ̀. O ti lo ọdún mẹ́ta ní Àkúrẹ́, o kò tíì gun ún rí. Síbẹ̀ o lè júwe gbogbo kọ̀rọ̀ inú ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí kò sí níbì kankan àfi nínú géèmù.

Àti oko náà. O sọ fún mi pé oko dídá ni Stardew Valley, pé èèyàn ń gbin nǹkan, ó ń bomi rin ín, ó ń kórè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí bàbá rẹ fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sá fún oko, ọmọ rẹ̀ wá ń san owó dátà láti ro ó. Kí ló dé tí kò sí èyí tí a ti ń dá oko kòkó? Ronú ohun tó wà níbẹ̀. Òjò pọ̀ jù, pódì ń dúdú lórí igi: ṣé wàá tètè já a ni, tàbí wàá dúró kó pọ́n? O fọ́ ọ, o fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, òórùn rẹ̀ yóò yí padà lójoojúmọ́, òórùn náà ni wàá fi mọ̀ pé ó tó. Owó ilé-ìwé ọmọ ti dé, oníkòkó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Bí o bá tà á láìgbẹ, yóò gé owó. Bí o bá ní kó gbẹ, òjò lè mú un hu. Ìpinnu wà níbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó rọrùn. N kò mọ kóòdù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bàbá mi kì í sùn ní oṣù yẹn.

Wá ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí a bá ń fọ́ kòkó. Mú bàtà òjò wá, mú ìwé tí o fi ń ya nǹkan, kí o wá fi imú ara rẹ gbọ́ òórùn yẹn lọ́jọ́ kẹta àti lọ́jọ́ kẹfà. Bí o bá sì ti tún eré odò rẹ ṣe, gbé e dání. N ó jókòó sí ààyè mi, n ó wọ awò mi. Ìwọ yóò lọ dúró ti ìyá rẹ nínú ilé ìdáná, títí n ó fi pè ọ́.